Bí a Ṣe Ń Gba Ẹni tó Mọ Iṣẹ́, tí kì í Ṣe Ẹni tó Mọ Ọ̀rọ̀ Sọ

Ṣọ́ọ̀bù mi ní Lágere, n'Ílé-Ifẹ̀, la ti ń bá àwọn ọmọ yunifásítì táìpù pírójẹ́ẹ̀tì. Nígbà tí mo kọ́kọ́ wá òṣìṣẹ́, mo lẹ bébà mọ́ ẹnu ọ̀nà: kó ní OND, kó ti ṣiṣẹ́ fún ọdún méjì, kó má ju ẹni ọdún 28 lọ. Ẹni tí ẹnu rẹ̀ dùn jù ni mo mú. Ọjọ́ kẹta, wọ́n gbé pírójẹ́ẹ̀tì Yorùbá wá, gbogbo "ọkọ" inú rẹ̀ ló di "oko". Ìyàwó ń kúnlẹ̀ kí oko! A tún un táìpù lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ̀bi mi ni. Mo bi ọmọ náà níbi tó fẹ́ wà lọ́dún márùn-ún sí i. Mi ò bi í bóyá ó mọ àmì í fi sọ́rọ̀.

Bí mo ṣe ń ṣe é báyìí nìyí.

1. Ẹ kọ iṣẹ́ náà sílẹ̀ kẹ́ ẹ tó kọ irú ẹni tẹ́ ẹ fẹ́. Kí lọwọ́ rẹ̀ yóò máa ṣe láti Mọ́ńdè dé Sátidé? Tèmi: kó táìpù, kó to àkóónú, kó fi àmì sórí Yorùbá, kó ní sùúrù fún ọmọ iléèwé tí wọ́n ní kó mú iṣẹ́ wá lọ́la. OND ò sí níbẹ̀. Ọjọ́ orí ò sí níbẹ̀.

2. Ẹ kọ iye owó oṣù. Àwọn bébà tí mo ń rí lára òpó iná ní Mayfair, ohun gbogbo ló wà níbẹ̀ àfi owó.

3. Ẹ jẹ́ kí wọ́n ṣiṣẹ́ níṣojú yín. Ibí gan-an lọ̀rọ̀ wà. Ọ̀gá télọ̀ kì í wo sátífíkéètì; ègé aṣọ ni yóò jù sí ẹ kó o rán ọrùn. Ojú ewé kan náà ni mo ń fún gbogbo wọn, ìṣẹ́jú 30, mo sì ń sanwó rẹ̀. Mo mọ̀ọ́mọ̀ fo àwòrán kẹta nínú rẹ̀. Obìnrin ẹni ọdún 41 kan dáwọ́ dúró: "Ẹ jọ̀ọ́ mà, àwòrán kẹta dà?" Bébà mi àtijọ́ ì bá ti lé e padà lẹ́nu ọ̀nà.

Ní 1998, Frank Schmidt àti John Hunter, àwọn onímọ̀ nípa ìrònú àti ìwà ẹ̀dá, kó ìwádìí ọdún 85 jọ lórí bí a ṣe ń yan òṣìṣẹ́. Wọ́n rí i pé iye ọdún téèyàn lò níléèwé àti èyí tó ti fi ṣiṣẹ́ kì í fi bẹ́ẹ̀ sọ bí yóò ṣe ṣe dáadáa sí lẹ́nu iṣẹ́. Iṣẹ́ àṣewò, irú èyí tí mo ń fún wọn yìí, wà lára ohun tó ń sọ ọ́ jù. Ní 2022, Paul Sackett àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tún un ṣírò, ọ̀pọ̀ iye náà wálẹ̀, ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò tí ìbéèrè rẹ̀ ò yàtọ̀ láti ẹnì kan sí èkejì ló wá ṣíwájú. Ìyẹn ni mo ṣe fi èyí tó kàn kún un.

4. Ẹ bi gbogbo wọn ní ìbéèrè kan náà, kó sì jẹ́ ti ohun tó ti ṣẹlẹ̀ rí: "Oníbàárà wo ló bínú sí ẹ gbẹ̀yìn, kí lo ṣe?" Ẹ kọ máàkì kí ẹlòmíì tó wọlé. Bẹ́ ẹ bá jẹ́ méjì, kẹ́nikẹ́ni má wo tẹnì kejì.

5. Ẹni tẹ́ ẹ ò mú, ẹ pè é kẹ́ ẹ sọ fún un.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi náà jókòó sídìí kọ̀ǹpútà bíi tàwọn yòókù. Ó gba 3 nínú 10. Mo pè é lọ́jọ́ Jímọ̀ tí mo pe àwọn tó kù. Ẹ̀gbọ́n mi ò gbé fóònù mi títí Iléyá fi dé.