Àṣìṣe Tí Ó Wọ́pọ̀ Nígbà Tí Orúkọ Ìkànnì Bá Há Sọ́wọ́ Ẹni Tí Kò Dáhùn

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, tí ó ń ta aṣọ ní Àjàṣẹ́, fi ń pe ọkùnrin tí ó bá a ṣe ìkànnì ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kí ó tó pè mí ní Kétu. Ìkànnì náà kò ṣí mọ́, ọkùnrin náà kò gbé fóònù, kò sì fèsì sí ímeèlì, bẹ́ẹ̀ ni orúkọ ìkànnì ọ̀hún, àdírẹ́sì tí a ń tẹ̀ kí ìkànnì tó ṣí, wà lára gbogbo àpò ọ̀rá tí ẹ̀gbọ́n mi fi ń di aṣọ fún oníbàárà. Ó ní, "Àbúrò mi, àpò 2,000 ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ní kí wọ́n tẹ̀; ṣé kí n kó wọn dànù ni?" Mo bẹ̀ ẹ́ pé kí ó ní sùúrù, ṣùgbọ́n bí mo ti ń bi í ní ìbéèrè ni mo ń rí i pé ó ti ṣe púpọ̀ nínú àwọn àṣìṣe tí mo fẹ́ kọ síbí.

Èyí tí ó bí àwọn yòókù ni kí a máa lépa olùgbàlejò ìkànnì nìkan. Olùgbàlejò, tí ìkànnì wà lórí ẹ̀rọ rẹ̀, dà bí onílé tí a gba ṣọ́ọ̀bù lọ́wọ́ rẹ̀. Orúkọ ìkànnì ní tirẹ̀ wà nínú ìwé ilé iṣẹ́ ìforúkọsílẹ̀, tí ó lè wà ní orílẹ̀-èdè mìíràn pátápátá, olùgbàlejò sì lè má ju alágbàtà àárín lọ. Ẹ lọ sí lookup.icann.org, kí ẹ tẹ orúkọ náà síbẹ̀. ICANN, àjọ tí a dá sílẹ̀ ní 1998 láti máa ṣètò àwọn orúkọ wọ̀nyí, ni ó ni ojú ìwé náà, yóò sì fi ilé iṣẹ́ ìforúkọsílẹ̀ hàn yín, pẹ̀lú ọjọ́ tí orúkọ yóò parí àti bóyá wọ́n tì í pa kí a má lè gbé e lọ sí ibòmíràn. Bí orúkọ yín bá parí sí .bj, ARCEP Bénin, àjọ tí ó ń ṣàkóso ètò ìbánisọ̀rọ̀ ní Bénin, ni ó ń bójú tó o. Ilé iṣẹ́ ìforúkọsílẹ̀ tí ojú ìwé náà bá fi hàn yín ni kí ẹ kọ̀wé sí, bí ẹ kò tilẹ̀ gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí.

Ohun tí ó dùn mí jù nínú ọ̀ràn ẹ̀gbọ́n mi ni ti ímeèlì. Àdírẹ́sì tí ọkùnrin náà fi sílẹ̀ lọ́dọ̀ ilé iṣẹ́ ìforúkọsílẹ̀ jẹ́ èyí tí orúkọ ìkànnì yẹn kan náà wà ní ìdí rẹ̀. Nígbà tí ìkànnì kú, àpótí ímeèlì bá a kú. Gbogbo ìgbà tí a bá tẹ ibi tí wọ́n kọ ọ́ sí pé a gbàgbé ọ̀rọ̀ aṣínà, inú àpótí tí ẹnikẹ́ni kò lè ṣí mọ́ ni lẹ́tà náà ń lọ. Ẹ má ṣe fi kọ́kọ́rọ́ ilé pa mọ́ sínú ilé tí ó ń ṣí. Àdírẹ́sì ímeèlì mìíràn, tí ó wà lórí fóònù yín fúnra yín, ni kí ó wà níbẹ̀. Bí ó bá ti bọ́, ìwé ẹ̀rí ni ó kù: káàdì ìdánimọ̀, ìwé RCCM tí ó gbé orúkọ òwò yín, àti àtẹ̀jíṣẹ́ MoMo tí ó fi hàn pé ẹ̀yin ni ẹ ń sanwó. Nítorí náà, ẹ má ṣe pa àwọn àtẹ̀jíṣẹ́ wọ̀nyẹn rẹ́.

Àwọn kan a máa bínú, wọ́n á ní kí orúkọ náà parí, àwọn yóò tún un rà ní pọ́ọ́kú. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má dán an wò. Lẹ́yìn tí .com bá parí, ilé iṣẹ́ ìforúkọsílẹ̀ lè fi í sílẹ̀ fún yín títí di ọjọ́ 45, ṣùgbọ́n kò pọn dandan kí ó tó bẹ́ẹ̀, àwọn mìíràn sì ń fi irú orúkọ bẹ́ẹ̀ lu gbàǹjo láàárín àkókò yìí. Bí wọ́n bá pa á rẹ́, ọjọ́ 30 ni ẹ ní láti rà á padà ní owó tí ó ga, lẹ́yìn èyí ọjọ́ 5 péré ni ó kù kí ó di ti ẹni tí ó bá kọ́kọ́ nawọ́ mú un. Bí ilé iṣẹ́ ìforúkọsílẹ̀ bá gbà kí ẹ san owó ọdún tuntun, ẹ san án, kí ìjà máa lọ.

Ẹ má sì kánjú yí orúkọ ẹni tí ó ni ín padà ní ọjọ́ tí ẹ fẹ́ gbé e lọ sí ibòmíràn, nítorí pé ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ìforúkọsílẹ̀ yóò torí ìyípadà yẹn tì í pa fún ọjọ́ 60. Ẹ kọ́kọ́ béèrè fún kóòdù tí a fi ń gbé orúkọ kúrò. Láàárín ọjọ́ 5 ni ó yẹ kí wọ́n fún yín.

Ní ti ẹjọ́ UDRP, ìlànà tí a fi ń yanjú aáwọ̀ lórí orúkọ ìkànnì, tí àwọn ènìyàn ń sáré sí, èyí tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1999, ẹni tí ó fi èrò burúkú gba orúkọ àmì òwò ẹlòmíràn ni a ṣe é fún. Dọ́là 1,500 ni owó ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ lọ́dọ̀ WIPO, àjọ àgbáyé tí ó ń rí sí ẹ̀tọ́ ohun-ìní ọpọlọ, wọ́n sì lè dá a nù bí ó bá jẹ́ aáwọ̀ àdéhùn lásán.

Ọjọ́ kẹrin tí a fi RCCM àti àtẹ̀jíṣẹ́ MoMo ránṣẹ́ sí ilé iṣẹ́ ìforúkọsílẹ̀ ni wọ́n dáhùn. Ìkànnì tí a kọ́ sílé olùgbàlejò kò padà, nítorí pé a kò ní ẹ̀dà rẹ̀ kankan, àtúnkọ́ ni a tún un kọ́. Ṣùgbọ́n orúkọ náà ti wà lórúkọ ẹ̀gbọ́n mi, ó sì ń lo àwọn àpò rẹ̀.