Bí a Ṣe Ń Mú Awọ Ọlọ́ràá Kúrò Lójú Omi Nínú Àpótí Ẹja Omi Iyọ̀ Tuntun

Láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan tí a fi omi iyọ̀ kún àpótí ẹja onígíláàsì tuntun, awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan sábà máa ń bo ojú omi náà, bí èyí tó ń dì sójú ẹ̀kọ gbígbóná tí a gbé kalẹ̀ kó tutù. Ọ̀rá àti purotéènì ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Inú oúnjẹ ẹja ni ó ti ń wá, àti inú ìgbẹ́ ẹja, àti lára àwọn ohun abẹ̀mí kéékèèké tó kú sára òkúta òkun tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ kó wọlé.

Kì í ṣe ẹwà àpótí nìkan ni ó ń bà jẹ́. Ojú omi ni ọ́síjìn ń gbà wọlé, ibẹ̀ náà sì ni kábọ́ọ̀nù dáyọ́ksáìdì ń gbà jáde. Bí awọ bá bò ó tí omi kò sì mì, ẹja yóò máa mí gúlegúle, pH omi, ìyẹn ìwọ̀n tó ń fi hàn bí omi ṣe kan sí, yóò sì máa lọ sílẹ̀. Ó yẹ kí á rántí pé omi iyọ̀ kì í gba ọ́síjìn mọ́ra tó omi lásán: bí ooru omi bá jẹ́ 25°C, ọ́síjìn tí lítà omi òkun kan lè gbà kò tó mílígíráàmù 7, nígbà tí ti omi lásán ju 8 lọ.

Ẹ kọ́kọ́ kó èyí tó ti dì kúrò. Ẹ pa pọ́ǹpù fún ìṣẹ́jú díẹ̀ kí awọ náà lè kóra jọ, kí ẹ tẹ́ pépà ìnuwọ́ funfun tí kò ní àwòrán tàbí òórùn dídùn sójú omi, kí ẹ sì rọra fà á láti ìgun kan dé èkejì kí ẹ tó gbé e jáde. Ẹ fi pépà mìíràn tún un ṣe títí ojú omi yóò fi mọ́, kí ẹ sì tan pọ́ǹpù padà lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀.

Ṣùgbọ́n pépà kò wo àrùn náà. Bí omi bá ṣì dúró sójú kan, awọ yóò tún dì. Mímì ojú omi gan-an ni ìwòsàn rẹ̀. Ẹ yí ẹnu pọ́ǹpù tó ń tú omi sókè díẹ̀, kí ó wà nísàlẹ̀ ojú omi ní ìwọ̀n sẹ̀ǹtímítà 2 sí 3, kí ìgbì kéékèèké lè máa tàn ká gbogbo ojú omi láìta sókè. Bí ó bá ń ta jù, iyọ̀ yóò máa gbẹ sára ìdérí àti iná. Omi tó ń gbẹ lọ sínú afẹ́fẹ́ kì í gbé iyọ̀ lọ, nítorí náà omi lásán tó mọ́ ni kí ẹ fi dípò rẹ̀, kì í ṣe omi iyọ̀.

Ohun tó tún dára jù ni kí omi ojú òkè máa ṣàn jáde fúnra rẹ̀ lọ sínú àpótí ìsàlẹ̀ (àpótí kejì tí a gbé sábẹ́ èyí tí ẹja wà) tàbí sínú protein skimmer, ẹ̀rọ tó ń fi fóòmù fa irú ìdọ̀tí yìí jáde. Bí àpótí yín kò bá ní àpótí ìsàlẹ̀, ẹ máa wo ibi tí omi dé lójoojúmọ́, nítorí pé bí ó bá fà sẹ́yìn díẹ̀, ihò tó ń gba omi ojú òkè kò ní kàn án mọ́. Skimmer tuntun lè lo ọjọ́ púpọ̀ kó tó máa yọ fóòmù dáadáa. Ẹ má ṣe dààmú.

Ẹ dín oúnjẹ kù, kí ẹ sì fi omi ṣan èyí tó ti inú yìnyín wá kí òróró rẹ̀ lè jáde. Ẹ fọ ìpara ọwọ́ kúrò dáadáa, láìjẹ́ kí ọṣẹ ṣẹ́ kù lọ́wọ́, kí ẹ tó ti ọwọ́ bọ omi. Ẹ má ṣe fín oògùn ẹ̀fọn sínú yàrá náà rárá, nítorí pé ó lè pa ẹja àti edé. Bí ilé ìdáná bá sún mọ́ ọn, èéfín òróró dídín náà yóò máa bà sórí omi.

Bí iná bá lọ, pọ́ǹpù afẹ́fẹ́ oníbátìrì ni kí ẹ fi dípò, kí ojú omi má bàa dákẹ́ títí iná yóò fi dé.