Àwọn àṣìṣe tí kì í jẹ́ kí ọ̀pọ̀ ènìyàn parí Vice City

Bí ẹ bá wọ ilé géèmù ní Ìkòròdú, ì báà jẹ́ ní Sábó tàbí lápá Ẹbúté, tí ẹ bi àwọn tó wà níbẹ̀ pé ta ló mọ GTA Vice City, kò sẹ́ni tí ò ní dáhùn. Ẹ wá bi wọ́n pé ta ló ti parí rẹ̀ rí. Ilé á pa lọ́lọ́. Géèmù tó jáde fún PlayStation 2 ní 2002, tó dé orí kọ̀ǹpútà ní 2003, tó sì wọ fóònù ní 2012! Àwọn tó fi í ṣeré ní kékeré ti di bàbá ọmọ, síbẹ̀ púpọ̀ nínú wọn ò tíì mọ ibi tó parí sí. Ó máa ń dùn mí, nítorí pé àwọn tó ṣe géèmù yìí fi ọgbọ́n tò ó, wọn ò ṣe é fún ìjà àti ìsákúsàá nìkan.

Ẹ jẹ́ ká rántí ohun tó gbé Tommy Vercetti, ọkùnrin tí ẹ ń darí nínú géèmù náà, dé ìlú Vice City. Ọdún 1986 ni. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ẹ̀wọ̀n ọdún 15 dé, ọ̀gá rẹ̀, Sonny Forelli, rán an lọ ra ẹrù, wọ́n dá wọn lọ́nà, owó lọ, ẹrù lọ. Ọwọ́ òfo ló fi bẹ̀rẹ̀. Gbogbo géèmù náà kò ju pé kí ọkùnrin yìí tún ara rẹ̀ tò, kó nílé, kó níṣẹ́ tó ń mówó wọlé, kó sì ní àwọn tó máa dúró tì í. Ẹni tó bá gbá a bí ẹni tó kàn fẹ́ yìnbọn kó sì sá lọ, ibì kan ni yóò há sí. Àwọn ibi tí mo ti ń rí i tí wọ́n ń há sí nìyí.

Kóòdù tí kò lẹ́rọ̀

Ó ṣòro kí ẹ rí ilé géèmù tí kò ní ìwé pélébé tí wọ́n kọ kóòdù sí, ìyẹn ọ̀rọ̀ àṣírí tí ẹ bá tẹ̀ tó ń yí géèmù padà, tí ìdọ̀tí ọwọ́ ti sọ di dúdú. Lórí kọ̀ǹpútà, PANZER ń gbé táǹkì wá, ASPIRINE ń dá ìlera padà, LEAVEMEALONE ń lé ọlọ́pàá lọ. Mi ò bá ẹni tó ń fi ìwọ̀nyẹn ṣeré jà. Àmọ́ àwọn mẹ́ta kan wà tí ẹ ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn nínú eré tí ẹ fẹ́ parí: FIGHTFIGHTFIGHT, NOBODYLIKESME àti OURGODGIVENRIGHTTOBEARARMS. Èkíní ń mú kí àwọn ará ìlú máa bá ara wọn jà, èkejì ń kọ gbogbo wọn sí Tommy, ẹ̀kẹta ń kó ìbọn lé wọn lọ́wọ́. Bí ẹ bá ti tẹ̀ ẹ́ tán, tí ẹ wá séèfù, ìyẹn kí ẹ tọ́jú ibi tí ẹ bá eré dé, ó bùṣe. Kò sí kóòdù tó ń pa á. Láti ọjọ́ náà lọ, ìyá arúgbó tó ń rìn jẹ́jẹ́ lọ létíkun lè yìnbọn lù yín lójijì. Mo ti rí ọmọkùnrin tó fi irú eré bẹ́ẹ̀ rọ́jú títí, tó ń rò pé bí Vice City ṣe le nìyẹn.

Séèfù, mẹ́mórì àti iná

Lórí PS2, géèmù yìí kì í séèfù fúnra rẹ̀. Àfi kí ẹ wọlé, kí ẹ rìn sínú kásẹ́ẹ̀tì tó ń yí lójú kan náà, bíi ti òtẹ́ẹ̀lì Ocean View tí Tommy kọ́kọ́ dé sí. Aago inú géèmù á sún síwájú ní wákàtí 6, ìyẹn ò sì pa yín lára. Ẹ̀yin náà mọ iná wa. Ẹni tó bá ṣe míṣọ̀n (iṣẹ́ tí géèmù ń gbé fún yín) mẹ́ta léra láìséèfù, ó ń fi iṣẹ́ ara rẹ̀ ta tẹ́tẹ́ ni. Ẹyọ kan, séèfù. Ẹyọ kan, séèfù.

Àyè 8 ni Vice City fún yín lórí mẹ́mórì. Ẹ má lo ẹyọ kan ṣoṣo, ẹ má sì lo èyí tó wà lókè pátápátá bó bá jẹ́ mẹ́mórì ilé géèmù, nítorí ibẹ̀ ni àlejò tó bá dé máa ń séèfù lé lórí. Bí oní-géèmù bá sì fẹ́ yí iná sí jẹnẹrétọ̀, ẹ ké sí i kó dúró bí ẹ bá ń séèfù lọ́wọ́. Mẹ́mórì tí iná já lé lórí nígbà tó ń kọ̀wé lè bà jẹ́ pátápátá. Ohun kan tún wà nínú àwọn dísìkì PS2 tó kọ́kọ́ jáde: séèfù tí ẹ bá ṣe ní ilé-iṣẹ́ áísíkiriìmù Cherry Popper lè ba fáìlì náà jẹ́. Ẹ rà á, ẹ ṣiṣẹ́ ibẹ̀, ibòmíì ni kí ẹ ti lọ séèfù.

Sísá fún ọlọ́pàá láìmọ bí ìràwọ̀ ṣe ń ṣiṣẹ́

Ìràwọ̀ tó ń yọ lójú géèmù ló ń sọ bí ọlọ́pàá ṣe ń wá yín tó. Àwọn ènìyàn ń rò pé eré sísá ló ń pa ìràwọ̀. Ìràwọ̀ kan lè rọ fúnra rẹ̀ bí ẹ ò bá tún dáràn. Méjì, ẹ lè lọ pààrọ̀ aṣọ, ó ti lọ. Tó bá di mẹ́ta, hẹlikópítà á ti wà lókè orí yín, mẹ́rin, SWAT, àwọn ọlọ́pàá akọgun, dé, márùn-ún, FBI, mẹ́fà, ṣọ́jà pẹ̀lú táǹkì. Pay 'n' Spray, ilé tí wọ́n ti ń tún ọkọ̀ kùn, ni ìsinmi gbogbo rẹ̀, $100 péré. Àṣìṣe tó wà níbẹ̀ ni pé nígbà tí ọkọ̀ bá jáde, àwọn ìràwọ̀ náà á ṣì máa ṣẹ́jú. Wọn ò tíì lọ tán nìyẹn. Ẹni tó bá jáde tán tó tún kọ lu ènìyàn lójú títì, gbogbo ìràwọ̀ rẹ̀ á padà wá. Ẹ wa ọkọ̀ yín jẹ́jẹ́ títí wọn ó fi parẹ́.

Ẹ má sì dúró sójú kan nínú ọkọ̀ nígbà tí ọlọ́pàá bá wà nítòsí. Ìlẹ̀kùn ni wọ́n máa ṣí, wọ́n á fa Tommy sílẹ̀, gbogbo ìbọn tí ẹ fowó rà á lọ. Bí ọkọ̀ bá dojú dé, ẹ jáde lójú ẹsẹ̀, kò ní pẹ́ gbiná.

Ọmọ Ẹbúté tó bá já sínú ọ̀sà á lúwẹ̀ẹ́ jáde. Tommy ò mọ̀ ọ́n wẹ̀. Omi ni ikú rẹ̀, àti ìbọn rẹ̀ pẹ̀lú. Nígbà tí ẹ bá sì rí i pé ọkọ̀ ti ń gbá lọ sínú omi, ẹ tẹ bọ́tìnnì triangle lórí pádì, yóò bẹ́ sílẹ̀ láàárín eré. R1 ni bíréèkì ọwọ́. Ẹ lò ó ní kọ̀rọ̀, ọ̀pọ̀ ìgbà tí ènìyàn ń bọ́ sómi, square, bíréèkì lásán, nìkan ló ń tẹ̀.

Hẹlikópítà Avery

Kò sí míṣọ̀n tó ti lé ènìyàn kúrò nídìí Vice City tó Demolition Man. Avery Carrington, oníṣòwò ilẹ̀, fẹ́ kí ilé kan tí wọ́n ń kọ́ lọ́wọ́ wó lulẹ̀. Tommy á jókòó sínú ọkọ̀ Top Fun, á máa darí hẹlikópítà kékeré tí yóò gbé bọ́ǹbù mẹ́rin, lẹ́yọ kọ̀ọ̀kan, sí àjà mẹ́rin ilé náà. Ní ilé géèmù, ibí ni ọmọ kékeré ti máa ń bojú wẹ̀yìn: "Bọ̀ọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi gbé ti hẹlikópítà yìí kọjá." Bọ̀ọ̀dá á gba pádì, bọ̀ọ̀dá náà á sì jákulẹ̀.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ni pé gbogbo wọn ń sáré gbé bọ́ǹbù. Bẹ́ẹ̀, aago kì í bẹ̀rẹ̀ sí í kà àfi ìgbà tí ẹ bá gbé bọ́ǹbù àkọ́kọ́. Kó tó dìgbà náà, àkókò tí ẹ fẹ́ lẹ ní. Nítorí náà, ẹ fi bọ́ǹbù sílẹ̀. Ẹ gbé hẹlikópítà lófìfo wọ inú ilé náà, X ń gbé e gòkè, square ń sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Ẹ wá ibi tí àtẹ̀gùn wà ní àjà kọ̀ọ̀kan, ẹ gùn ún dókè, ẹ sọ̀ kalẹ̀, kí ojú yín mọ ọ̀nà. Àwọn òṣìṣẹ́ àti ẹ̀ṣọ́ tó wà níbẹ̀ á fẹ́ bá a jà. Abẹ hẹlikópítà náà ni ohun ìjà yín, ẹ rọra sún mọ́ wọn ní ìwọ̀n gíga orí wọn, ẹ má kọ lu ògiri, torí gbogbo ìkọlù ń jẹ ẹ́ lára. Ẹ pa wọ́n tán kí ẹ tó gbé ohunkóhun. Lẹ́yìn ìyẹn, bọ́ǹbù ti òkè pátápátá ni kí ẹ kọ́kọ́ gbé nígbà tí àkókò ṣì pọ̀, ẹ wá máa sọ̀ kalẹ̀ bọ̀. Ẹni tó bá ṣe é báyìí á yà á lẹ́nu bí ilé náà ṣe dákẹ́ tó nígbà tí aago bá bẹ̀rẹ̀. Bó bá ṣì sú yín, ẹ fi í sílẹ̀. Lẹ́tà míì, tó ń fi ibi tí míṣọ̀n wà hàn, wà lórí máàpù tí ẹ lè máa bá lọ.

Àwọn tó ń tẹ X láti fo ọ̀rọ̀ ni wọ́n máa ń kọsẹ̀ níbí jù. Wọ́n fo ohun tí Avery sọ, wọn ò mọ ohun tí wọ́n wá ṣe. Bí ẹ bá ti fo ó, ẹ tẹ Start, ẹ wọ Brief, àwọn ọ̀rọ̀ tó ti kọjá wà níbẹ̀.

"CD yìí ti bàjẹ́"

Èyí ló ń dùn mí jù nínú gbogbo rẹ̀. Ẹni tó ti ṣiṣẹ́ dé míṣọ̀n Rub Out, tó ti gba ilé ńlá Diaz, ọ̀gá oníṣòwò oògùn olóró, tó ti ṣe míṣọ̀n Shakedown, á wo máàpù, á rí i pé lẹ́tà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Á yíde ìlú títí. Á ní CD ti bàjẹ́, á pa á tì. Kò bàjẹ́ o! Shakedown ló ń ṣí ọjà. Láti ìgbà náà, ẹ lè ra ilé-iṣẹ́, inú ilé-iṣẹ́ wọ̀nyẹn sì ni ìyókù ìtàn fara pamọ́ sí. Boatyard jẹ́ $10,000, Cherry Popper $20,000, Kaufman Cabs $40,000, InterGlobal Films $60,000, Print Works $70,000, Malibu Club $120,000. Láìra Print Works àti láìparí iṣẹ́ rẹ̀, kò sí bí ẹ ṣe máa rí míṣọ̀n ìkẹyìn. Òun nìkan ò sì tó, ẹ ní láti mú àwọn míì ṣiṣẹ́ pẹ̀lú rẹ̀.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti Boatyard, torí owó rẹ̀ kéré, eré ìje ọkọ̀ ojú omi kan ṣoṣo sì ni iṣẹ́ ibẹ̀. Rírà nìkan kọ́ ló ń mówó wá, àfi tí ẹ bá parí iṣẹ́ ibẹ̀. Lẹ́yìn náà ni owó á máa jọ sẹ́nu ọ̀nà lójoojúmọ́: Malibu ń mú $10,000 wá, Boatyard $2,000. Ọjọ́ kan nínú géèmù jẹ́ ìṣẹ́jú 24 tiwa. Ṣùgbọ́n owó náà ní ibi tó ń dé tí yóò dúró. Bí ẹ ò bá lọ kó o, kò ní lé sí i. Mo rí àwọn tó ra Malibu, tí wọn ò padà débẹ̀ mọ́, tí wọ́n wá ń ja awakọ̀ lólè nítorí $30.

Iṣẹ́ kékeré tí wọ́n ń fojú tẹ́ńbẹ́lú

Kó tó di pé àwọn míṣọ̀n le, ẹ gbé áḿbúláǹsì. Tí ẹ bá gbé aláìsàn títí dé ìpele 12, Tommy ò ní rẹ̀ mọ́ bó bá ń sáré, títí ayé. Ènìyàn mẹ́ta ni ọkọ̀ náà ń gbà lẹ́ẹ̀kan, ẹ kó wọn pọ̀ dípò kí ẹ máa gbé ọ̀kọ̀ọ̀kan lọ ilé ìwòsàn. Pínpín písà títí dé ìpele 10 ń fi 50 kún ìlera rẹ̀. Ọkọ̀ ọlọ́pàá dé ìpele 12 ń fi 50 kún ẹ̀wù ayẹta. Àwọn ère kékeré 100 tí wọ́n fi pamọ́ káàkiri ìlú náà ṣe pàtàkì: bí ẹ bá rí 10, ẹ̀wù ayẹta á máa dúró dè yín nílé lọ́fẹ̀ẹ́.

Fún àwọn tó ń fi kọ̀ǹpútà gbá a: ẹ má pa Frame Limiter, ètò tó ń díwọ̀n iye àwòrán tó ń kọjá lójú kọ̀ǹpútà, bí ẹ bá pa á, ọkọ̀ ò ní lè rìn sẹ́yìn bó ṣe yẹ. Ẹ sì yẹra fún àwọn ẹ̀dà tí wọ́n ti gé rédíò kúrò nínú rẹ̀ kó lè kéré.

Ọ̀rọ̀ kan sí àwọn oní-géèmù wa. Ní Amẹ́ríkà, ẹni ọdún 17 sókè ni wọ́n ní kó gbá a, ní Ìlú Ọba, ọdún 18. Ọmọ tó ṣì wọ yunifọ́ọ̀mù alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ẹ fi bọ́ọ̀lù sí i fún un.

Ìkẹyìn

Bí Keep Your Friends Close, míṣọ̀n ìkẹyìn, bá ti dé, àṣìṣe tó wọ́pọ̀ ni kí Tommy máa sáré kiri inú ilé lẹ́yìn àwọn ọmọ Forelli. Owó inú àpótí ni wọ́n wá kó. Ẹ dúró ti àpótí náà, ẹ jẹ́ kí wọ́n máa wá bá yín. Nígbà tí ẹni tí ẹ fọkàn tán bá sá lọ sórí òrùlé, ẹ má tètè tẹ̀lé e pẹ̀lú ìlera tó ti ń pupa. Ẹ kọ́kọ́ gbé ẹ̀wù ayẹta, lẹ́yìn náà kí ẹ gùn. Ẹ ṣì máa padà wá bá Sonny àti ẹ̀ṣọ́ rẹ̀. Ìbọn M4 dára fún gbogbo èyí, ẹ sì ra ọta rẹ̀ kún dáadáa kí ẹ tó wọ míṣọ̀n náà, torí bí ìlẹ̀kùn bá ti sé, kò sí àyè àti lọ sí Ammu-Nation, ilé ìtajà ìbọn, mọ́.