Bí mo ṣe to àwọn atamátàsé Hawthorn jọ láti 1925

Ní Melbourne tí mò ń gbé yìí, tí ẹ bá fẹ́ dá àríyànjiyàn sílẹ̀ láàárín àwọn alátìlẹyìn Hawthorn, ẹgbẹ́ tó ń gbá bọ́ọ̀lù ti àwọn ará Australia (Australian rules football), ẹ kàn bi wọ́n pé ta ni ọ̀gá nínú góòlù gbígbá. Àwọn àgbà á ní Peter Hudson. Àwọn tó tẹ̀ lé wọn á ní Jason Dunstall ni, kò tún sí ẹlòmíì. Àwọn ọ̀dọ́ á pariwo Lance Franklin, tí gbogbo ayé ń pè ní Buddy. Nígbà tí ọ̀rọ̀ náà sú mi, mo ṣí Excel, mo ní màá kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ láti 1925 tí ẹgbẹ́ náà wọ líìgì ńlá Victoria.

Fún ẹni tí kò mọ eré yìí, bọ́ọ̀lù wọn rí bí ẹyin, ẹni 18 ni ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan sì ń kó wọ pápá. Òpó mẹ́rin ló wà ní ìpẹ̀kun pápá. Kò sí àwọ̀n, kò sì sí ẹni tó ń ṣọ́lé. Èyí tó bá gba àárín òpó gíga méjì kọjá ni góòlù, àmì 6 sì ni. Èyí tó bá gba ẹ̀gbẹ́ òpó gíga, àmì 1 péré ni, wọn kì í kà á mọ́ góòlù ẹni tó gbá a. Ẹ má jẹ́ kó yà yín lẹ́nu tí ẹ bá rí i pé ẹnì kan gbá góòlù tó lé ní 100 lọ́dún kan.

Kọ́lọ́ọ̀mù márùn-ún ni mo ṣe: ọdún, orúkọ, iye ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀, góòlù tó gbá kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í du ife lóṣù September, àti àpapọ̀ góòlù ọdún náà. Méjì tó kẹ́yìn yìí, ẹ má pa wọ́n pọ̀ o. Àmì ẹ̀yẹ Coleman, tó wà fún ẹni tó gbá góòlù jù ní líìgì, kì í ka ti September mọ́ ọn. Ẹgbẹ́ fúnra rẹ̀ ń kà á. Lọ́dún 2008, 102 ni Buddy fi gba Coleman, àmọ́ 113 ló wà lórúkọ rẹ̀ nílé. Jarryd Roughead gba tiẹ̀ ní 2013 pẹ̀lú 68, àpapọ̀ rẹ̀ sì jẹ́ 72. Ẹni tó bá mú 102 ti Buddy, tó wá mú 72 ti Roughead, ìṣirò rẹ̀ ti dàrú látilẹ̀.

Mo yára kọjá lórí nǹkan bí ọdún márùndínlógójì àkọ́kọ́. Hawthorn kò lágbára nígbà yẹn, 1961 ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ife àkọ́kọ́. Ẹni tí mo dúró lé lórí díẹ̀ ni John Peck, tó ṣíwájú gbogbo líìgì ní 1963, 1964 àti 1965. Lójú tèmi, wọn kì í dárúkọ rẹ̀ tó bó ṣe yẹ.

Orí Hudson ni iṣẹ́ wà. Láti Tasmania ló ti wá ní 1967, ó gbá 57 lọ́dún yẹn. Lẹ́yìn náà ni 125, 120, 146, àti 150 ní 1971. Iye yìí bá ti Bob Pratt ti South Melbourne ní 1934 dọ́gba, kò sì tíì sẹ́ni tó kọjá rẹ̀ títí dòní. Hawthorn fi àmì 7 gba ife lọ́dún náà, ṣùgbọ́n góòlù kan ṣoṣo tí ì bá fi Hudson ṣíwájú Pratt kọ̀, kò wọlé.

Ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ àkọ́kọ́ ní 1972, ó ti gbá 8 kí wọ́n tó lọ fún ìsinmi, ni orúnkún bá yẹ̀. Ó parí fún un lọ́dún yẹn. Ní 1973, ẹ̀ẹ̀kan péré ló ṣeré: hẹlikópítà ló gbé e wá sí pápá, ó gbá 8 mìíràn, wọ́n ṣì na Hawthorn. Ní 1974 ó gbá 3. Ó wá padà ní 1977, ó ń wọ ọkọ̀ òfurufú láti Hobart wá ṣeré, ó sì gbá 110. Ẹ ro ó pọ̀: 727, nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ 129.

Ohun tí èyí kọ́ mi ni pé kí n ṣí ojú ewé kejì. Tó bá jẹ́ ẹni tó ṣíwájú lọ́dọọdún nìkan lẹ ń kọ, 8, 8 àti 3 yẹn kò ní hàn níbì kankan, góòlù 19 á ti sọnù. Torí náà, ojú ewé kan wà fún ọdún, èkejì wà fún èèyàn.

Dunstall kò fún mi ní wàhálà. Ó dé láti Brisbane ní 1985, ó sì gbá 1,254 nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ 269. Ẹ̀ẹ̀mẹfà ló lé ní 100 lọ́dún kan. Ní 1992 ó gbá 17 wọlé Richmond lọ́jọ́ kan ṣoṣo! Ní 1993 tó gbá 123, Gary Ablett ti Geelong ló gba Coleman mọ́ ọn lọ́wọ́.

Nígbà tí mo fi àpapọ̀ tò wọ́n, Dunstall ló wà lókè, Leigh Matthews tẹ̀ lé e pẹ̀lú 915, Hudson, Michael Moncrieff pẹ̀lú 629, Buddy pẹ̀lú 580, Roughead pẹ̀lú 578. Mo wá fi iye ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ pín in. Hudson fò lọ sókè pẹ̀lú 5.64, Dunstall ní 4.66, Buddy ní 3.19. Matthews ṣubú sí 2.76, èyí kò sì tọ́ sí i rárá, nítorí àárín pápá ló ti máa ń wá bọ́ọ̀lù fúnra rẹ̀. Mo fi òté lé e pé ẹni tí kò bá tíì ṣeré 50 kò gbọ́dọ̀ wọ àtẹ yìí, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹni tó ṣe orí-ire lọ́jọ́ méjì péré lè wá jókòó sórí Dunstall.

Góòlù 486 tí Buddy gbá fún Sydney, mo yọ ọ́ kúrò. Àwọn ọ̀dọ́ bínú sí mi, ṣùgbọ́n àtẹ Hawthorn ni mò ń ṣe. Ẹni tó bá fẹ́ dán irú rẹ̀ wò, Collingwood ni kó ti bẹ̀rẹ̀: Gordon Coventry gbá 1,299 láìkúrò níbẹ̀. Tony Lockett tó ní 1,360 ló máa fún yín níṣẹ́, 898 wà ní St Kilda, 462 wà ní Sydney.