Bí A Ṣe Ń Múra Sílẹ̀ fún Fọ́tò Iṣẹ́ ní Ìbàdàn

Fọ́tò iṣẹ́, ìyẹn àwòrán orí dé èjìká tí ilé iṣẹ́ máa ń béèrè láti fi sí orí íntánẹ́ẹ̀tì tàbí sínú ìwé ìpàdé, yàtọ̀ sí fọ́tò pásípọ́ọ̀tù, ó sì yàtọ̀ sí fọ́tò òde àríyá. Pásípọ́ọ̀tù ní òfin tirẹ̀. Ti físà Amẹ́ríkà tilẹ̀ ti ka gíláàsì ojú léèwọ̀ láti oṣù kọkànlá ọdún 2016. Ohun kan ṣoṣo ni èmi ń béèrè lọ́wọ́ fọ́tò iṣẹ́: kí ẹni tó bá rí i lónìí dá yín mọ̀ bí ẹ bá wọ ọ́fíìsì rẹ̀ lọ́la.

Ó yẹ kí ìmúra ti bẹ̀rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú. Ẹni tó fẹ́ gẹrun, kí ó gẹ̀ ẹ́ ní ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta ṣáájú, nítorí pé abẹ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá lára máa ń mú kí ọrùn àti ẹ̀rẹ̀kẹ́ sú. Obìnrin tó fẹ́ dirun, kí ó fún irun náà ní ọjọ́ mẹ́rin ó kéré tán, kí iwájú orí tó le koko lè rọ̀. Ẹ má ṣe dán ìpara tuntun wò ní ọ̀sẹ̀ yìí. Bí ó bá jẹ́ àsìkò ọyẹ́, tí awọ ara ń gbẹ tí ètè sì ń là, ẹ máa fi òrí pa ojú àti ètè lálaalẹ́, ṣùgbọ́n kí ẹ má fi pa ojú ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà, nítorí pé ọ̀rá máa ń dán lábẹ́ iná sítúdíò.

Ọ̀rọ̀ aṣọ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń kọsẹ̀. Ṣẹ́ẹ̀tì tí àwọn ìlà rẹ̀ tín-ín-rín tí wọ́n sì sún mọ́ ara wọn lè máa mì rìrì bí ojú omi nínú àwòrán, nítorí pé ìlà ara rẹ̀ àti àwọn ojú kéékèèké tí kámẹ́rà fi ń ríran kì í bá ara wọn mu. Aṣọ aláwọ̀ kan ló dára jù, pàápàá búlúù tó ṣú tàbí àwọ̀ ewé tó jinlẹ̀. Funfun gbòò lára ẹni tó dúdú ń fẹ́ ọwọ́ ayàwòrán tó mọṣẹ́: bí ó bá ṣe ìmọ́lẹ̀ mọ́ ìwọ̀n aṣọ, ojú á ṣókùnkùn, bí ó bá ṣe é mọ́ ìwọ̀n ojú, aṣọ á funfun débi tí ìṣẹ́po rẹ̀ kò ní hàn mọ́. Mo fẹ́ràn Ìbàdàndùn, àdìrẹ ẹlẹ́kọ tí wọ́n ya òpó Gbọ̀ngàn Mápó sí, tọkàntọkàn, àmọ́ iṣẹ́ wẹ́wẹ́ ara rẹ̀ máa ń bá ojú du àfiyèsí nínú àwòrán tí kò kọjá èjìká; ẹ fi í pamọ́ fún fọ́tò ìdúró. Bí ẹ bá fẹ́ dé fìlà tàbí wé gèlè, ẹ sọ fún ayàwòrán ṣáájú, kí òjìji fìlà má baà bo ojú, kí wọ́n má sì gé orí gèlè dànù. Ẹ lọ aṣọ ní alẹ́ tó ṣáájú, kí ẹ má baà máa dúró de iná ní òwúrọ̀.

Ẹ bá ayàwòrán sọ̀rọ̀ kí ọjọ́ tó pé. Lẹ́ńsì 85mm sí 105mm ló yẹ ojú ènìyàn. Fóònù tí a gbé sún mọ́ ojú máa ń sọ imú di ńlá, etí á sì sá sẹ́yìn. Kókó tó ṣe mí lẹ́dùn jù ni àtúnṣe orí kọ̀ǹpútà. Nígbà tí èmi kọ́kọ́ ya irú fọ́tò yìí, ayàwòrán fi kọ̀ǹpútà bó mi títí mo fi di ẹni pupa, ó sì pa ilà tó wà ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi rẹ́. Ẹni tó pè mí wá fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò wo ìwé ọwọ́ rẹ̀, ó wò mí, ó tún wo ìwé náà, kí ó tó béèrè orúkọ mi. Nítorí náà, ẹ sọ ọ́ ní kedere pé wọ́n lè mú ìrorẹ́ kúrò, nítorí pé yóò lọ fúnra rẹ̀, ṣùgbọ́n kí wọ́n má fọwọ́ kan àwọ̀ ara, ilà tàbí àpá tó ti di ara yín. Bákan náà ni pọ́dà: kí ó bá ọrùn mu.

Ní ọjọ́ náà, bí ẹ bá ń ti Challenge tàbí Ìwó Road lọ sí Bódìjà, ẹ tètè kúrò nílé, nítorí pé sún kẹẹrẹ fà kẹẹrẹ lè mú kí ẹ dé pẹ̀lú òógùn. Ẹ mú aṣọ ìnujú dání, kí ẹ sì nu gíláàsì ojú yín dáadáa. Bí ẹ bá ti jókòó, ẹ yí èjìká sẹ́gbẹ̀ẹ́ díẹ̀, ẹ na àgbọ̀n síwájú, kí ẹ wá rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ ní ìwọ̀nba. Ẹ̀rín àfipáṣe kì í dé ẹyinjú; ẹ ronú kan ẹni tí ẹ fẹ́ràn bí ẹni pé ó ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ sí yín, kí ẹ sì kí i nínú ọkàn.

Ẹ má ṣe gba iṣẹ́ náà gẹ́gẹ́ bí fọ́tò lásán lórí WhatsApp, nítorí pé ó máa ń fún àwòrán pọ̀. Kí ayàwòrán fi ránṣẹ́ nípasẹ̀ ímeèlì, tàbí kí ó fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp kan náà gẹ́gẹ́ bí fáìlì. Bí wọ́n bá fẹ́ tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé tí ìbú rẹ̀ jẹ́ íńṣì 4, tí gígùn rẹ̀ sì jẹ́ íńṣì 5, yóò nílò píksẹ́lì (àwọn ẹyọ kéékèèké tó para pọ̀ di àwòrán) 1200 ní ìbú àti 1500 ní gígùn.