Ẹ Lu Ihò Kí Ẹ Tó Gbẹ́ Ẹsẹ̀: Sáìdì Sítúùlù Ẹlẹ́sẹ̀ Títẹ̀

Àwọn ọmọ tó ń kọ́ iṣẹ́ káfíńtà lọ́dọ̀ mi ní Kàbà máa ń fẹ́ sáré dé ibi gbígbẹ́ ẹsẹ̀ sáìdì sítúùlù, tábìlì kékeré ẹ̀gbẹ́ àga, torí ibẹ̀ ni iṣẹ́ ti ń wu ojú. Mo máa ń dá wọn dúró. Ẹsẹ̀ tó bá ti tẹ̀ kò ní ojú títẹ́jú tí ẹ lè gbé síkúwà, irinṣẹ́ tí a fi ń mọ̀ bóyá igun gún, lé mọ́. Ìgbà tí igi ṣì jẹ́ onígun mẹ́rin ni kí ẹ lu gbogbo ihò rẹ̀.

Ọ̀gànwó ni mo fẹ́ràn fún ẹsẹ̀. Ó ṣeé gbẹ́, ó sì ń dán. Igi àpá náà dára gan-an, kì í sábà wú tàbí sún kì, àmọ́ ó le. Ẹni tí kò ní ju fáìlì ọwọ́ lọ yóò làágùn lórí rẹ̀. Èyíkéyìí tí ẹ bá rà, kó gbẹ. Ẹ gé ègé kan, ẹ wọ̀n ọ́n, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹ tún un wọ̀n lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Bó bá ṣì ń fúyẹ́ sí i, omi ṣì wà nínú rẹ̀. Igi onííńṣì 3 máa ń pẹ́ kó tó gbẹ dénú. Bí ẹ kò bá rí èyí tó gbẹ, ẹ fi gọ́ọ̀mù lẹ pátákó onííńṣì kan mẹ́ta pọ̀. Ojú ìlẹ̀pọ̀ á hàn díẹ̀ ní orúnkún, ṣùgbọ́n ó sàn ju ẹsẹ̀ tó sán lọ.

Ẹ gé ẹsẹ̀ 4, gígùn íńṣì 21, kí ẹ fá a títí ìbú rẹ̀ yóò fi jẹ́ 2¾ lọ́nà méjèèjì. Pátákó ìbàdí, èyí tó so ẹsẹ̀ pọ̀ lábẹ́ orí tábìlì, náà jẹ́ 4: fífẹ̀ íńṣì 4, nínípọn ¾, gígùn 13. Íńṣì kan ní orí kọ̀ọ̀kan ni ẹ ó gé di ahọ́n tí yóò wọ inú ihò.

Ẹ kó ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin jọ bí wọn yóò ṣe dúró, kí ẹ fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí igun tó kọjú sínú. Ojú méjì tó pàdé ní igun yẹn nìkan ni ihò máa wà. Ihò fẹ̀ ní ¼, ìyẹn ìdá kan nínú mẹ́ta nínípọn pátákó. Ó gùn ní íńṣì 3, ó jìn díẹ̀ ju íńṣì kan lọ. Ẹ bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní ½ íńṣì sí orí igi kí orí má baà là, kí ó sì jìnnà sí igun inú ní ¾. Ihò méjèèjì máa pàdé nínú, nítorí náà ẹ gé ṣóńṣó ahọ́n ní dàgẹ̀rẹ̀.

Ó wá kan ẹsẹ̀. Ẹ yà á sórí páálí kí ẹ gé e: òpó íńṣì 1¾ ní òkè, tó gùn ní 4½, orúnkún tó yọ síta, ọrùn ẹsẹ̀ tó tín-ín-rín dé 1¼, lẹ́yìn náà àtẹ́lẹsẹ̀ tó tún yọ síta, bí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ewúrẹ́. Ẹ gbé rúlà lé e tààrà láti òpó dé ilẹ̀. Bí rúlà kò bá bọ́ sórí àtẹ́lẹsẹ̀, ẹ tún un yà. Mo máa ń pẹ́ nídìí páálí yìí, torí ojú aláìmọṣẹ́ pàápàá máa ń rí ẹsẹ̀ tí kò dúró dáadáa.

Ẹ ya páálí sí ojú méjèèjì tí ihò wà, kí orúnkún méjèèjì kẹ̀yìn sí igun inú tí ẹ sàmì sí. Ẹ gbé e lọ síbi tí wọ́n ti ní ẹ̀rọ ayùn tẹ́ẹ́rẹ́. Ẹ gé ojú kan tán, kí ẹ kó àwọn ègé tó já padà sí àyè wọn, ẹ fi sẹ́lótéèpù dì wọ́n, kí ẹ yí igi, kí ẹ gé ojú kejì. Bí ẹ bá ju ègé wọ̀nyẹn nù, ìlà kejì ti bá wọn lọ, igi kò sì ní jókòó lórí ẹ̀rọ mọ́. Níbi tí kò sí iná, ẹ fi ayùn ọwọ́ là á léraléra dé ẹ̀bá ìlà, kí ẹ fi ṣísẹ̀lì kó èyí tó kù. Fáìlì ló kàn, lẹ́yìn náà sáńpépà 80, 120, 180. Ìlà ọ̀gànwó máa ń yí padà. Ibi tó bá ti ń fà ya, ẹ gbẹ́ ẹ láti òdìkejì.

Ẹ kọ́kọ́ tò ó láìfi gọ́ọ̀mù. Tó bá bá ara mu, ẹ wá fi gọ́ọ̀mù sí i, ẹ fi okùn yí i ká, kí ẹ fi igi lọ́ okùn náà le. Ẹ wọ̀n ọ́n láti igun dé igun òdìkejì, lọ́nà méjèèjì. Iye méjèèjì gbọ́dọ̀ dọ́gba.

Orí tábìlì jẹ́ íńṣì 18 lọ́nà méjèèjì. Ẹ má fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ mọ́ ìbàdí. Lọ́dọ̀ wa, láti Kàbà dé Ìsánlú, ọyẹ́ máa ń mú pátákó sún kì ní ìbú, òjò á tún mú un wú. Èyí tí ẹ bá so pinpin á là. Ìdè (síkúrù) ni kí ẹ fi mú un: ẹ lu ihò ìdè gbọọrọ ní ìbú igi, kí ìdè lè rìn nínú rẹ̀. Nígbà tí ẹ bá ń fi fáníìṣì kùn ún, ẹ kun abẹ́ rẹ̀ bí ẹ ṣe kun òkè, nítorí ẹ̀gbẹ́ tí ẹ kò bá kùn ni ọ̀rinrin máa gbà wọlé, orí tábìlì á sì tẹ̀.