Kí ẹ tó ra ilẹ̀ sí Lọ́kọ́ja: bí ẹ ṣe lè mọ̀ bóyá ìnṣọ́ránsì á gba ilé yín

Òkun o, ẹ̀yin ará ilé. Láti Kàbà dé Ìsánlú, àwọn tó ń kọ́lé sí Lọ́kọ́ja láàárín wa ti pọ̀ gan-an, àmọ́ ìgbà tí fáńdéṣọ̀n bá ti jókòó tán ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ máa ń béèrè pé ṣé ìnṣọ́ránsì á gbà á. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ béèrè kí ẹ tó sanwó ilẹ̀.

Ẹ kọ́kọ́ mọ ìdí táwọn ilé-iṣẹ́ ìnṣọ́ránsì fi ń sá fún àwọn àdúgbò kan ná. Àjọ náà ni ìnṣọ́ránsì, ẹni tí nǹkan bá ṣe á kó, àwọn yòókù á máa dá lọ. Tí iná bá jó ilé kan ní Kàbà, àwọn tó kù ṣì ń sanwó, wàhálà ò sí. Àmọ́ tí odò Ọya àti Benue tó pàdé ní Lọ́kọ́ja bá kún, gbogbo àdúgbò ló fẹ́ kó lọ́jọ́ kan náà, kí ni alájọ fẹ́ ṣe? Àwọn ilé-iṣẹ́ ìnṣọ́ránsì náà sì máa ń ra ìnṣọ́ránsì tiwọn lọ́wọ́ àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá òkè òkun, táwọn yẹn bá fowó lé e tàbí tí wọ́n ní àwọn ò fẹ́ agbègbè kan mọ́, àwọn kékeré á ká ẹsẹ̀ kúrò ńbẹ̀.

Kì í ṣe tiwa nìkan o. Ní Florida ní Amẹ́ríkà, ìjì Andrew ti 1992 ló mú káwọn ilé-iṣẹ́ kan kógbá wọlé, nígbà tó di 2002 ìjọba ibẹ̀ dá ilé-iṣẹ́ ìnṣọ́ránsì tó ń jẹ́ Citizens sílẹ̀ fáwọn tí ẹnikẹ́ni ò fẹ́ gbà. Ní California níbẹ̀ náà, oṣù karùn-ún 2023 ni ilé-iṣẹ́ ìnṣọ́ránsì State Farm ní àwọn ò gba oníbàárà tuntun fún ilé mọ́, torí iná igbó, torí owó ìkọ́lé tó ti wọ́n, òfin tí wọ́n dìbò fún ní 1988 sì ní àwọn ìnṣọ́ránsì gbọ́dọ̀ gbàṣẹ lọ́wọ́ ìjọba kí wọ́n tó fowó kún un. Ẹni tí wọn ò jẹ́ kó ta ọjà ẹ̀ níye tó máa jèrè, ṣé kò ní palẹ̀ mọ́ ni? Èmi ò bá wọn jà, àwọn tó ń sanwó láì yẹ̀ tí wọ́n kàn kọ lẹ́tà sí pé àwọn ò gbà wọ́n mọ́ ló ń ṣe mí láàánú.

Ó yá, ẹ lọ wo ilẹ̀ yẹn ní oṣù kẹsàn-án sí ìkẹwàá, ìgbà yẹn lomi máa ń ga. Ẹ wo ara ògiri àwọn ilé tó yí i ká, pàápàá lọ́nà Ganaja, ìlà ibi tí omi dé ṣì lè wà lára ọ̀dà. Tó bá jẹ́ ilé tí wọ́n fẹ́ tà nìkan ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kùn, ẹ fi ẹ́jẹ́ńtì sílẹ̀ jàre, aládùúgbò ni kẹ́ ẹ bi: Omíyalé 2012 ńkọ́? Ti 2022 ńkọ́? Ibo lomi dé? Ohun táwọn ìnṣọ́ránsì náà máa wò nìyẹn, pẹ̀lú àsọtẹ́lẹ̀ omi tí NIHSA, iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ omi, ń gbé jáde lọ́dọọdún. Tẹ́ ẹ bá ti gbọ́ pé Kamẹrúùnù fẹ́ ṣí dáàmù Lagdo tó wà lórí odò Benue, ẹ tètè kẹ́rù.

Ẹni tó kọ́lé sí ìlú wa nílé náà ò bọ́, ìjì àkọ́rọ̀ òjò tó ń ṣí páànù ni tiwa. Ẹ ya fọ́tò igi òrùlé àti ìṣó kí sílìn tó bò ó, kẹ́ ẹ tọ́jú rìsíìtì, kẹ́ ẹ lè rí nǹkan fi han àwọn ìnṣọ́ránsì.

Tí wọ́n bá gbà yín, ẹ ka ìwé àdéhùn yẹn dáadáa o, nígbà míì iná nìkan ló wà ńbẹ̀, omíyalé àti ìjì ẹ gbọ́dọ̀ ní kí wọ́n fi kún un, kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ má sì dín iye ilé kù. Ilé 20 mílíọ̀nù tẹ́ ẹ pè ní 10, tí nǹkan 4 mílíọ̀nù bá bàjẹ́ ńbẹ̀, 2 ni wọ́n máa san, wọ́n á ní ààbọ̀ ilé lẹ kó wá sọ́dọ̀ àwọn. Ọdún kan-ọdún kan ni àdéhùn ẹ̀, tó bá ku oṣù méjì kó parí, ẹ pè wọ́n kẹ́ ẹ bi wọ́n bóyá wọ́n ṣì ń gba àdúgbò yín, kẹ́ ẹ lè ráyè wá ẹlòmíì. Tí gbogbo wọn bá kọ omi, ẹ gba ti iná, kẹ́ ẹ máa dá ti omi sí báńkì fúnra yín.